Ọmọ tó dá wà nínú igbó: kí la ó ṣe tó bá padà dé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń múra láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo bí èèyàn ṣe ń dá wà nínú igbó. Juliane Koepcke, ọmọ ọdún 17, lo ọjọ́ 11 nígbó Pẹ́rù lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú já ní 1971. Odò kékeré ló tọ̀ títí ó fi dé ahéré àwọn agégedú. Ìyẹn rọrùn láti kọ́ni.

Ìgbà tí ọmọ bá dé ló ká wa lára. Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ má gbé iyán fún un: oúnjẹ rẹpẹtẹ lójijì máa ń da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rú, ọkàn sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ mímu díẹ̀díẹ̀ ni, lójú dókítà.

Ṣùgbọ́n tó bá ń fi gàrí pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí kò lè sùn nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀, ṣé ká fi í sílẹ̀ ná, àbí ká bá a sọ ọ́?