Bí kọ̀ǹpútà ilé ṣe lè máa pín fáìlì inú Downloads fúnra rẹ̀

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni èmi, bàbá wọn àti àwọn ọmọ jọ ń lò nílé, Windows 11 ló sì wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá gbà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń já sínú fódà Downloads: iṣẹ́ àṣetiléwá, rìsíìtì owó ilé-ìwé, fọ́tò ìgbéyàwó, àti fídíò tí kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé òun ló gbà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wá rìsíìtì kan, àṣé document (7).pdf ló ń jẹ́. Mo gbọ́ pé a lè kọ àṣẹ move sínú fáìlì .bat kan (ìyẹn fáìlì tí a to àṣẹ sí fún kọ̀ǹpútà láti ṣe) kí kọ̀ǹpútà máa kó wọn lọ síbi tó yẹ. Ṣé ìyẹn tó?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Oǹdó:
Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ má lo move. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, yóò béèrè kó tó fi fáìlì tuntun bo èyí tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú fáìlì .bat ló ti ń ṣiṣẹ́, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, rìsíìtì oṣù yìí yóò sì pa ti oṣù tó kọjá rẹ́ pátápátá. Robocopy, àṣẹ mìíràn tó ń kó fáìlì, ni kí ẹ lò, ó ti wà nínú Windows láti ìgbà Vista:

robocopy "%USERPROFILE%\Downloads" "%USERPROFILE%\Documents\Iwe" *.pdf *.docx /mov /minage:1 /xc /xn /xo

/mov ló ní kó kó fáìlì náà kúrò níbi tó wà, /minage:1 sì ní kó má fọwọ́ kan ohun tí kò tíì pé ọjọ́ kan, kó má baà gbé ìwé tí ọmọ ṣì ń kà lọ́wọ́ sá lọ. Mẹ́ta ìkẹyìn (/xc /xn /xo) ni ààbò yín: bí orúkọ bá bára mu, fáìlì tuntun yóò dúró sí Downloads títí ẹ ó fi wá yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ kọ ìlà mìíràn fún *.jpg àti *.png. Ẹ kọ́kọ́ fi /l sí ìparí láti dán an wò, torí pé ìyẹn yóò kàn to orúkọ ohun tó fẹ́ kó ni, kò ní kó nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Task Scheduler, ètò inú Windows tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí a bá dá fún un, láti máa pè é láago mẹ́sàn-án lálaalẹ́.

Bàbá Onísùúrù:
Èmi kò fara mọ́ gbogbo wàhálà yìí. Nínú ètò Chrome, ibì kan wà tí ẹ ti lè ní kó máa béèrè ibi tí ẹ fẹ́ fi fáìlì sí kó tó gbà á wálẹ̀. Ẹni tó gba fídíò ni kó wá àyè fún un.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé, sà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò kàn máa tẹ bọ́tìnnì láìwò ó ni. Mo lo robocopy, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi kò gba Iwe láìní àmì, mo bá kọ Ìwé. Fódà tuntun kan yọ tó ń jẹ́ ├îw├⌐! Lẹ́yìn ìyẹn, lálẹ́ ọjọ́ méjì tí iná ò sí, kò kó ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ bátìrì laptop náà kún.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Oǹdó:
Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì ohùn wa, ni Notepad fi ń tọ́jú ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n fèrèsé dúdú tó ń ka fáìlì .bat kì í fi ìyẹn kà á, àyàfi tí ẹ bá kọ chcp 65001, àṣẹ tó ní kó lo UTF-8, sí ìlà àkọ́kọ́. Ní ti iná, Task Scheduler kì í ṣiṣẹ́ lórí bátìrì bí a kò bá sọ fún un: ẹ lọ sí Conditions, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú AC power (iná mànàmáná). Ẹ tún lọ sí Settings, kí ẹ fàmì sí èyí tó ní kó ṣe iṣẹ́ tó bá fò ní kété tó bá lè ṣe é, torí pé ìgbà mìíràn bátìrì náà yóò ti kú kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́:
Mo ti yọ ọ́. Iná ò sí níbí báyìí, ó sì ti kó fáìlì mọ́kànlélógún.