Òjò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ìgò wọ̀n: ìrírí láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Olùkọ́ físíìsì, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìrírí tí ẹ sọ nípa ife-ẹ̀yẹ tí àwọn ọmọ yín gbà, inú mi sì dùn sí i. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a kò ti gba nǹkan kan, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí pé ọwọ́ èmi fúnra mi wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Èmi náà ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ JETS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọwọ́ àti sáyẹ́ǹsì, tó máa ń pàdé ní Ọjọ́rú lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde. Nígbà tí ìwé ìdíje kan dé ọ̀dọ̀ wa ní sáà kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Ọ̀gá àgbà fẹ́ kí a lọ, àwọn òbí dá owó, mo sì gba ọ̀nà tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń gbà: mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí Ọjà Ọba, mo ní kó bá wa ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí omi yóò máa yí, tí gílóòbù yóò sì máa tàn lórí rẹ̀. Ó ṣe é, ó sì dára lójú. Àwọn ọmọ wá kọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ nípa rẹ̀ sórí bí ẹni ń kọ́ oríkì.

Lọ́jọ́ ìdíje, gílóòbù tàn. Ọmọkùnrin tó ń ṣojú wa sọ̀rọ̀ geerege, kò fi ẹnu kọ rárá. Obìnrin kan wà lára àwọn adájọ́, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó yin ọmọ náà, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fa wáyà kan yọ, gílóòbù sì kú. Ó ní, "Ó yá, ọmọ mi, bá mi so ó padà." Ọmọ náà di wáyà yẹn mú, ó yí ẹ̀rọ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo gbé ojú mi kúrò. Títí di òní, ojú tí mo gbé kúrò yẹn dùn mí ju òfo tí a bọ̀ lọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo wọn. Mo ní ohunkóhun tí a bá máa gbé jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ì báà ṣe ìgò lásán, ọwọ́ wọn ni yóò ti jáde wá. Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS1, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló bi mí pé, "Mà, ṣé a lè wọn òjò?" Bàbá bàbá rẹ̀ ń dá oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Ó ní bàbá máa ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jiyàn lórí ọdún tí òjò pọ̀ jù, nítorí pé lọ́dún bẹ́ẹ̀ kòkó máa ń dúdú, a sì jẹrà lórí igi, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní ọdún tirẹ̀ tó ń rántí, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgò oníke kan tí ara rẹ̀ gún régé ni wọ́n mú wá, pẹ̀lú àrọ tí àwọn elépo fi ń rọ epo. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ rúlà mọ́ ara ìgò. Wọ́n gé kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ kan, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n ri ìgò sínú yanrìn náà kí atẹ́gùn má baà bì í ṣubú. Àárín pápá tó wà lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì ni wọ́n gbé e sí, ó jìnnà sí igi máńgòrò àti sí òrùlé, nítorí pé igi lè dí òjò lọ́nà, ó sì tún lè máa kán omi sínú ìgò nígbà tí òjò ti dá. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó bá kàn yóò ka iye tí omi dé lára rúlà, yóò kọ ọ́, yóò sì da omi nù.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú. Rúlà fi mílímítà 96 hàn. Gbogbo ẹgbẹ́ pariwo ayọ̀, àfi ọmọbìnrin yẹn. Ó ní, "Mà, abọ́ tí ìyá mi gbàgbé síta lánàá, omi inú rẹ̀ kò ju báyìí lọ," ó sì fi ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì wọ̀n ọ́n hàn mí. Mo ní kó wá bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ kejì, ó gbé agolo mílíìkì kan tó ti gé lórí wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Nígbà tí òjò tún rọ̀, mílímítà 48 wà nínú ìgò, 12 sì wà nínú agolo.

Odidi Ọjọ́rú kan ni a lò lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ẹnu àrọ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, inú ìgò sì fẹ̀ tó 5, nítorí náà wọ́n ní ó yẹ kí omi ìgò jẹ́ ìlọ́po méjì ti agolo, kí ló wá dé tó fi di ìlọ́po mẹ́rin? Ọmọkùnrin kan ló ní kí wọ́n ya ẹnu àwọn méjèèjì sórí pépà tí wọ́n fi ń ya gíráàfù. Wọ́n ka àpótí tó wà nínú róbótó ńlá, ó tó nǹkan bíi 78. Wọ́n ka ti kékeré, kò pé 20. Wọ́n dákẹ́. Ẹnìkan tún un kà. Gbogbo wọn ni mo ti kọ́ ní fọ́múlà tí a fi ń wá ìfẹ̀ ojú róbótó, wọ́n sì ti fi gba máàkì nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo rí i tó wọ̀ wọ́n lára. Láti ọjọ́ náà, gbogbo iye tí wọ́n bá kà lára ìgò ni wọ́n ń fi 4 pín.

Ní oṣù Kẹfà, a kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ojú ọjọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ yìí ní 1981, wọ́n sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òṣùwọ̀n òjò gidi. Àwọn onímọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń lo ẹnu tó fẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí òjò tó kéré jù lọ lè hàn, wọ́n sì ti ṣírò pípín yẹn mọ́ ìlà ara gíláàsì látilẹ̀. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ wa ti ń jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀ ni àwọn ará ibí yìí ti sọ di irinṣẹ́. Ẹ ò rí bí ojú àwọn ọmọ yẹn ṣe tàn.

Nígbà tó di ìparí oṣù Keje, ilé-ìwé wọ họlidé, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Àwọn ọmọ tí ilé wọn kò jìnnà pín ọjọ́ láàárín ara wọn, wọ́n sì bẹ bàbá ọlọ́dẹ pé kó bá wọn ṣe ti ọjọ́ Ìsinmi. Mo lọ sí ìlú mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí mo dé, mo ṣí ìwé, òdo ni mo rí, òdo, òdo, lẹ́yìn náà mílímítà 2, lẹ́yìn náà òdo. Ọkàn mi bàjẹ́, mo rò pé wọ́n kàn jókòó sílé kọ ọ́ ni. Bàbá ọlọ́dẹ ló là mí lójú. Ó ní kò sí àárọ̀ kan tí ẹnìkan kì í kan géètì, pé ọmọkùnrin tó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ọ̀bá-Ilé pàápàá kò yẹ ọjọ́ rẹ̀. Ọmọ tí adájọ́ ní kó so wáyà padà lọ́jọ́ ìdíje ni. Ní ọjọ́ mẹ́rin tí kò sẹ́ni tó ráyè wá, wọ́n kọ "a kò wá" síbẹ̀, wọn kò fi òdo bò ó.

Àwọn òdo yẹn ló wá di ọrọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, nítorí pé àgbègbè tí òjò ti ń pọ̀ jù máa ń sún lọ sí apá àríwá lákòókò yẹn, kó tó tún sún padà sọ́dọ̀ wa ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n ya gíráàfù wọn tán, ó yọ òkè méjì, àfonífojì kan sì wà láàárín wọn. Ọmọbìnrin yẹn gbé e lọ han bàbá àgbà. Bàbá gbé ìka lé àfonífojì náà, wọ́n ní ibi tí àwọn ti ń tún ilẹ̀ ro fún àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ipò kejì ni wọ́n gbà nínú ìdíje ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí àti ìwé atúmọ̀ èdè. Àdó ìbéèrè ni àwọn adájọ́ jù lù wọ́n lórí ọjọ́ mẹ́rin tó ṣófo, èyí tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé kò sí ọmọ kan nínú wọn tó wo ojú mi kó tó dáhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan, Oǹdó

Mà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ìrìn àjò tí kíláàsì wa rìn láti Oǹdó lọ sí òkè Ìdànrè. Ẹ mọ bí irú rẹ̀ ṣe sábà máa ń rí: a ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó kọrin, a ó ya fọ́tò, a ó jẹun, ó tán. Olùkọ́ wa nípa ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kó tó gba orúkọ wa. Ẹlòmíràn ni yóò ya àwòrán ilé ẹjọ́ àtijọ́ tó wà lókè, ẹlòmíràn yóò béèrè nípa ààfin Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, àti ìdí tí àwọn ará ìlú fi sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ òkè ní 1923. Èmi ni wọ́n ní kí n ka àtẹ̀gùn.

Àwọn tó ń mú àlejò gun òkè sọ fún wa pé 667 ni. Èmi ka 651. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fún ní iṣẹ́ kan náà ka 672. Ojú tì mí, mo fẹ́ yí tèmi padà kó lè bá tiwọn mu, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa gba bébà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó bi wá bí a ṣe kà á. Ṣé ibi pẹrẹsẹ tí a ti ń jókòó sinmi jẹ́ àtẹ̀gùn? Èyí tó ti fọ́ sí méjì ńkọ́? Níbo ni a ti bẹ̀rẹ̀? A fa ọ̀rọ̀ náà títí bọ́ọ̀sì fi wọ Oǹdó. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé òkè náà ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa dábàá fún UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé kó kà mọ́ ogún àgbáyé, láti 2007, mo sì rántí pé mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi kà á rí.

Ohun kan tún wà tí n kò lè gbàgbé. Àwọn méjì nínú wa kò rí owó ìrìn àjò san. Olùkọ́ yẹn kò fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wò wá lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n lọ bá àgbàlagbà tó ti gbé Ìdànrè rí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Nígbà tí a lẹ ìwé ìròyìn kíláàsì mọ́ ara ògiri, tiwọn ni èrò pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mò ń ṣe báyìí, tí iye méjì kò bá sì bára mu lórí pápá, ohùn olùkọ́ yẹn ni mo máa ń gbọ́ létí.

Ìyá ọmọ kan, Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. JSS3 ni ọmọ tèmi wà, bàbá rẹ̀ sì ń fẹ́ kó fi gbogbo ọ̀sán lọ sí lẹ́sìn. Mo ti ka èyí sí bàbá náà létí, ó ní kí n béèrè ohun kan: tí oòrùn bá mú, ṣé omi inú ìgò kò ní gbẹ kí wọ́n tó kà á ni?

Olùkọ́ físíìsì, Àkúrẹ́

Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, mà, ìbéèrè wọn dára gan-an. Ó máa ń gbẹ lóòótọ́, ó sì kọ́kọ́ dà wá láàmú. Òróró díẹ̀ báyìí ni àwọn ọmọ máa ń kán sínú ìgò, yóò léfòó, yóò sì bo ojú omi, oòrùn kò ní rí i fà. Ẹ sọ fún wọn pé ìsàlẹ̀ òróró ni kí ọmọ ti ka iye náà. Ní tiwa, ìwé kẹta ni a ti ń kọ báyìí. Ọmọbìnrin yẹn ti jáde ilé-ìwé, ṣùgbọ́n agolo mílíìkì rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, àwọn tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí sì ń ka méjèèjì láràárọ̀.