Ọjọ́ kan péré ní Stirling: ibo ni kí n mú màmá àti àwọn ìbejì lọ?

Ìyá Ìbejì béèrè pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi dé láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ní Glasgow ni wọn yóò sì wà fún oṣù méjì. Ilé ìtajà ti sú wọn. Wọ́n ní ibi tí ọba gbé rí ni àwọn fẹ́ fi ojú rí. Mo wá ń rò ó pé kí n mú wọn lọ sí ìlú Stirling níhìn-ín ní Scotland ní Sátidé, pẹ̀lú àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Orúnkún màmá ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo àwòrán ìlú náà tí mo rí, orí òkè ni ohun tí ènìyàn ń lọ wò máa ń wà. Bí ó bá jẹ́ ibi méjì péré ni agbára wa ká, èwo ni kí a mú, èwo ni kí a fi sílẹ̀?

Arìnrìn-àjò fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò màmá. Ilé olódi Stirling ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì tètè débẹ̀ kí èrò tó pọ̀. Ẹ má ṣe bá màmá fi ẹsẹ̀ gun òkè náà láti ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ wọ takisí títí dé iwájú ẹnu ọ̀nà, níbi tí ère Ọba Robert the Bruce wà. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ inú ọgbà, nítorí náà bàtà pẹlẹbẹ ni kí wọ́n wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ níwájú Gbọ̀ngàn Ńlá tí Ọba James Kẹrin kọ́ parí ní nǹkan bí ọdún 1503. Àwọ̀ eérú ni àwọn ilé tó yí i ká ní, ṣùgbọ́n òun dá yàtọ̀ láàárín wọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Àwọn ọmọ ogun ti sọ ọ́ di ibùgbé wọn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì gé e sí yàrá wẹ́wẹ́, kí àwọn alátùn-únṣe tó dá a padà sí bí ó ti rí láyé àtijọ́, tí iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1999. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọ̀ rẹ̀ mú ojú jù. Èmi fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wọ ààfin James Karùn-ún, níbi tí wọ́n ta aṣọ ńláńlá mọ́ ògiri, tí àwòrán ẹṣin oníwo kan ṣoṣo wà lára wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, odindi ọdún mẹ́tàlá ni ó sì gbà wọ́n. Ẹni tó bá mọ iye tí aṣọ òfì ń náni ní wàhálà yóò pẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì sọ fún màmá pé inú ilé olódi yìí ni wọ́n ti dé Mary, Ọbabìnrin Scotland, ládé ní ọdún 1543, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Àwa a máa ní adelé nígbà tí kò bá sí ọba lórí oyè. Ní tiwọn, wọ́n gbé adé fún ọmọ ọwọ́, adelé sì ń ṣàkóso lórúkọ rẹ̀.

Ará Dundee fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìrántí William Wallace, jagunjagun tó gbèjà Scotland, lórí òkè Abbey Craig. Àtẹ̀gùn 246 ló wà níbẹ̀, ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ó sì há débi pé ẹni tó ń gòkè gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ tó lè kọjá. Kí màmá jókòó sí ilé oúnjẹ ìsàlẹ̀ òkè. Idà tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Wallace wà níbẹ̀, ó ga ju àwọn ìbejì lọ. Láti òkè téńté ni ẹ ó ti rí odò Forth tó ń lọ́ bí ejò, ibẹ̀ náà ni Wallace àti Andrew Moray ti ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1297. Afárá tó wà lórí odò náà tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ní sùúrù títí apá kan ọmọ ogun ọ̀tá fi kọjá, kí wọ́n tó ya lù wọ́n.

Abíọ́dún fèsì pé:

Bí òjò bá dé, ẹ sá lọ sí musíọ̀mù Smith, ọ̀fẹ́ ni. Bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bá nínú yàrá ọbabìnrin ní ilé olódi náà, láti nǹkan bí ọdún 1540. Àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ sì sọ ìtàn John Damian, ará ààfin Ọba James Kẹrin, fún àwọn ọmọ: ní ọdún 1507, wọ́n ní ó fi ìyẹ́ ṣe apá, ó fò láti orí odi, inú ààtàn ni ó balẹ̀ sí, itan rẹ̀ sì dá. Ó ní ìyẹ́ adìẹ tó wà nínú rẹ̀ ló bà á jẹ́, pé ilẹ̀ ni adìẹ mọ̀, kò mọ òfuurufú.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kò ní ṣàárẹ̀. Ilé olódi ní àárọ̀, ilé ìrántí Wallace ní ọ̀sán, mo sì ti bá ọkọ mi sọ ọ́ pé òun ni yóò bá àwọn ìbejì gun àtẹ̀gùn. Mo ka èsì yín sí etí màmá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni bóyá ọmọ oṣù mẹ́sàn-án náà kò ké nígbà tí wọ́n gbé adé lé e lórí.