Bí fáíbà ṣe wọ abúlé wa lẹ́yìn Mọníyà, ìrírí tèmi rèé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó sọ pé fáíbà, ìyẹn kébù oní-gíláàsì tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, gba iwájú ilé òun kọjá lọ́dún mẹ́ta tí ò yà sọ́dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára gan-an, torí ohun tó ṣe àwa náà nìyẹn.

Agbówó ni mo ti ń ṣe bisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI) mọ ibẹ̀ dáadáa, à ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ iléèwé, à ń ṣe fọ́tókọ́pì, à ń dì í. Nígbà tí owó ṣọ́ọ̀bù wá ga jù, ọkọ mi ní ṣebí a ti kọ́lé sábúlé, ká kúkú kó lọ, kí n máa ti ilé ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn Mọníyà ni, tẹ́ ẹ bá kọjá ibi tí wọ́n ti ń wọ rélùwéè Èkó, tẹ́ ẹ ya sọ́nà Ìjàyè, ẹ tún máa gun ọ̀kadà wọ inú lọ díẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ dáa, omi kànga mọ́, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì, há! Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé wa nìkan ni fóònù ti ń rí nǹkan gbá mú, gbogbo àdúgbò ló ń wá dúró síbẹ̀ lálẹ́, tí ẹ̀fọn á máa jẹ wá. Tí mo bá tẹ iṣẹ́ tán, ńṣe ni mo máa kó fláàṣì sí báàgì, ma gun ọ̀kadà, ma wọ Mícrà dé Ojóò, torí kí n lè fi fáìlì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà. Tójò bá rọ̀, ó di ọ̀la nìyẹn, ẹlòmíì ò sì lè dúró dọ̀la.

Bẹ́ẹ̀ kébù fáíbà ti wà létí títì ńlá tipẹ́ o, ojú wa ni wọ́n ṣe gbẹ́ kòtò tí wọ́n fi ri páìpù mọ́lẹ̀. Mo bi íńjíníà kan, ó ní ìyẹn ń lọ láti ìlú kan sí ìkejì ni, pé kó tó lè yà wọlé èèyàn, àfi kí wọ́n gbé àpótí tó ń pín in kalẹ̀. Ó ní ṣé ẹ rí rélùwéè Mọníyà yìí, tí ò bá sí tẹ́ṣàn, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Ó yé mi lójú ẹsẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tá a wá rí bá sọ̀rọ̀ ní àpótí àwọn tó sún mọ́ wa jù jìnnà tó kìlómítà mẹ́ta, ilé ò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, owó àwọn ò ní padà wálé. Àmọ́ tá a bá lè kó ilé 25 jọ tó máa sanwó lẹ́ẹ̀kan náà, tá a sì ri póòlù fúnra wa, àwọn á fa kébù wá. Gíláàsì tín-ín-rín kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń pín sílé 32, iye tó bá wọlé lórí ẹ ni wọ́n ń wò. Ìpàdé láńdìlọ́ọ̀dù tá a ṣe níwájú ilé Baálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ariwo ò ṣeé fẹnu sọ. ₦60,000 ló kan ilé kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíì ta àgbàdo kó tó rí i san, ẹlòmíì san án ní díẹ̀díẹ̀. Igi tíìkì la fi ṣe póòlù torí ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, a tún fi ọ́ìlì dúdú tá a bù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kun ìdí ẹ̀ ká tó rì í.

Ibi tá a ti ṣàṣìṣe rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe irú ẹ̀. A gbàgbọ́ pé tí Baálẹ̀ bá ti gbọ́, ó parí, a ò lọ kí àwọn tó loko tí póòlù máa gbà kọjá. Ìgbà tá a dé póòlù keje làwọn ọmọ onílẹ̀ yọ sí wa, wọ́n gba ṣọ́bìrì, wọ́n gba díígà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko niṣẹ́ fi dúró. Owó tá a wá san níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé a ti kọ́kọ́ gbé obì lọ kí wọn ni, mi ò rò pé à bá san ìdajì ẹ̀.

Oṣù kọkànlá 2023 ni wọ́n wá fa kébù ọ̀hún. Ọmọ tó wá so ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé mi lábẹ́ agboòrùn, mo dúró tì í. Ó bó kébù yẹn, ó bó o títí ó fi ku nǹkan kan bí irun, ó fi òwú àti sípíríìtì nù ún, ó gé e, ó wá tẹ́ méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan tó ní ojú kékeré. Lójú ẹ̀rọ yẹn, ńṣe ni wọ́n rí bí igi ìrèké méjì tí wọ́n fi orí kanra, iná kan tàn pìrí, wọ́n di ọ̀kan, mi ò rí ojú oríkèé mọ́. Gbogbo èérún tó gé ló ń fi sẹ́lótéèpù kó sínú ike, ó ní "Mà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ lásán wá síbí, tó bá wọ ẹran ara ẹ ò ní rí i yọ." Ó fi mítà wo bí iná tó ń gba inú ẹ̀ ṣe lágbára tó, ó ka -22, ó ní ó dáa, tó bá ti ń sún mọ́ -28 ni ká tó bẹ̀rù. Irú fáìlì tí mo máa ń gbé lọ sí Ojóò, kí n tó gbé omi mu ó ti lọ. Mo sunkún o.

Tí NẸ́PÀ bá múná lọ, mọ́dẹ́ẹ̀mù, àpótí kékeré tí kébù wọ̀ nínú ilé, á kú, torí gíláàsì ò gbé iná wá. Fóòtì 12 (12V) péré ló ń lò, bátìrì sólà kékeré ń gbé e, ẹ má wulẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀ tìtorí ẹ̀.

January 2024, mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iná pupa yọ lára mọ́dẹ́ẹ̀mù. Wọ́n ti sungbó torí ọ̀yà, iná ti jó kébù láàárín póòlù márùn-ún. Bàbá Ọdẹ ló ti iná bọ̀ ọ́. Mo pariwo lé Bàbá lórí níwájú àwọn èèyàn, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tó bí ìyá mi. Wọ́n kàn ní, "Ìyá Dámi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé okùn yẹn ń jóná." Òótọ́ ni, a ò sọ fún wọn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì. Látìgbà yẹn, àwọn ọdẹ ló ń ro ìdí póòlù kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Olè náà ti gé e rí, ó rò pé kọ́pà ni, ó bá gíláàsì nínú ẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀. A wá kọ ọ́ sára pákó kọ́ káàkiri pé GÍLÁÀSÌ NI, KÒ SÍ KỌ́PÀ, wọn ò sì tíì gé òmíì.

Tẹ́ ẹ bá rántí March 14 yẹn, 2024 náà, ọjọ́bọ̀ ni. Kò sóhun tó ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa ti mú àdá, a ń tọ kébù lọ wá ibi tó ti já, àṣé mi ò wo mọ́dẹ́ẹ̀mù dáadáa, iná ẹ̀ ò pupa rárá, àwọ̀ ewé ló ń tàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: pupa, ọ̀dọ̀ yín ló ti já, tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tí nǹkan ò sì ṣí, wàhálà ọ̀hún wà níwájú. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé nínú òkun ni, lápá Abidjan ní Côte d'Ivoire, kébù mẹ́rin ló bàjẹ́, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, àwọn báńkì gan-an ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Bàbá Ọdẹ bi mí pé, "Okùn wa yìí dé òkun?" Mo fi igi ya á sílẹ̀ fún wọn, láti póòlù wa dé Mọníyà, dé Ìbàdàn, dé Èkó, wọnú omi. Wọ́n wò ó pẹ́ títí. Wọ́n ní, "Tiwa ló kúrú jù yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Abúlé tó wà níwájú wa ti ránṣẹ́ báyìí pé àwọn náà fẹ́. Ilé mọ́kànlá ni wọ́n, ojú ihò márùn-ún ló kù nínú àpótí tiwa, àmọ́ okùn gíláàsì 12 ló wà nínú kébù tá a fà wá, ẹyọ kan ṣoṣo là ń lò, ọmọ tó ń so ó ní wọ́n lè mú òmíì lára ẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ wọn ọ̀nà wọn. Bàbá Ọdẹ ló ń ṣáájú, wọ́n mọ ẹni tó loko kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, obì sì ti wà nílẹ̀.