Ráútà wa ń kú, ó ń jí lálaalẹ́: ṣé adápítọ̀ ni àbí ráútà fúnra rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Wi-Fi ilé wa n'Íbàdàn ti tojú sú mi. Ráútà tó ń lo síìmù 4G ni, a ti ń lò ó láti ọdún 2018. Lójú mọmọ, kò ní wàhálà kankan. Tó bá ti di aago méje alẹ́, á já, á sì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó padà. Àsìkò yẹn gan-an lọmọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo ti gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ sójú fèrèsé. Mo yí channel rẹ̀ (ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà) láti 6 sí 11 torí Wi-Fi àwọn ará àdúgbò pọ̀. Pàbó ló já sí. Mo ki síìmù náà bọ fóònù lálẹ́, ó ṣiṣẹ́ geerege.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: tó bá fẹ́ já, gbogbo iná ara rẹ̀ á kú pátá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá máa tàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Adápítọ̀ tó ń gbé iná fún un, 12V 1A (fóòtì 12, ámípíà 1), máa ń gbóná débi pé ọwọ́ kì í gbà á. Iná ilé wa kì í sì lágbára lálẹ́, gílóòbù á kàn máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá adápítọ̀ ló ti gbó tàbí ráútà, kí n tó náwó? Bí mo bá sì ra adápítọ̀ 12V 2A, ṣé kò ní ba ráútà náà jẹ́?