Re: "ile onirele": ìrẹ́lé ni àbí ìrẹ̀lẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ní n ò ní dá sí i, àmọ́ "ile onirele" tí Bọ̀dá wa fi túmọ̀ stuccoed villa (ilé ńlá ọlọ́gbà tí wọ́n rẹ́ ògiri ẹ̀) nínú ohun tí wọ́n kọ lórí The Holme ò jẹ́ kí n sùn.

Ilé yẹn wà ní Regent's Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Decimus Burton ló yàwòrán ẹ̀ fún James Burton bàbá ẹ̀ lọ́dún 1818, kò tíì pé ogún ọdún nígbà yẹn o. Nígbà tó yá, Bedford College, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀, fi ṣe ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ìyẹn Bọ̀dá kọ ọ́ dáadáa, n ò bá wọn jà. Orúkọ yẹn ni mo bá wọn fà.

Wọn ò fi àmì kankan sí i! Èmi kà á sí ilé onírẹ̀lẹ̀, mo ní áà, àwọn òyìnbó yìí mà gbìyànjú, wọ́n kọ́lé fáwọn tó rẹra wọn sílẹ̀. Àṣé rẹ́ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ni. Mí ni rẹ́ yìí, dò ni rẹ̀ tọ̀hún, ẹ ò lè máa sọ pé àmì ò ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ tún wá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé àmì nìkan ló gbé e dúró. Ká tiẹ̀ fi àmì sí i, ta ni onírẹ́lé? Ṣé bí onígbàjámọ̀ ṣe jẹ́ ẹni tó ń fárí ni, onírẹ́lé á jẹ́ ẹni tó ń rẹ́lé. Bíríkìlà nìyẹn! "Ilé bíríkìlà" lẹ kọ, Bọ̀dá mi.

Ilé wo la ò sì rẹ́? Ìyá àgbà mi ń fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ilẹ̀ yàrá wọn, ṣé villa nìyẹn náà? Bàbá mi tó bí mi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà títí ọwọ́ wọn fi le bí èpo igi. Tí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán, tí sìmẹ́ǹtì ò tíì gbẹ, wọ́n á fi igi gbọọrọ tì í, wọ́n á wá fi ìṣó fa ìlà sí i, kí ògiri alámọ̀ lè jọ èyí tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ tò. Wọ́n á ní "à ń bá ògiri purọ́ ni." Stucco gan-an nìyẹn! Bíríkì ló wà nínú, ẹ̀tàn ló wà lóde. Àtọdún 1796 ni James Parker ti gbàwé àṣẹ fún sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní ti Róòmù, tí wọ́n fi ń ṣe é káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Àgúdà tó ti Brazil padà wálé náà mọ̀ ọ́n, ẹ lọ wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe síwájú Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey l'Ékòó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Níbo ni ìrẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀?

Àbá tèmi ni àrẹ́dòkúta. À-rẹ́-di-òkúta, ilé àrẹ́dòkúta. Kẹ́nì kankan má sọ pé ó jọ dókítà o. Mo sì mọ àwọn tó máa ní "di" ò tọ̀nà, pé "bí" ló yẹ, torí kò kúkú di òkúta. Mo mọ̀! Irọ́ inú "di" yẹn gan-an ni mo fẹ́.

Ní ti villa, ẹ̀gbọ́n tó ní ká kọ ọ́ ní "fílà" ṣì ń rin kinkin mọ́ ọn. Ẹ wá fi àmì dò sórí í yẹn, ẹ dé e sórí, ó parí. "Ilé ọlọ́gbà" tó mi.

Ẹni tó kọ̀wé lánàá pé bíríkìlà kì í ṣe onímọ̀ èdè, mo rí i yín o. Ẹ jẹ́ n jẹun ná, mò ń bọ̀ wá bá yín.