Ọ̀fẹ́ kọ́ ni òmìnira o: lórí orúkọ ìjọ David Welsh

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀.

Mo ka ìtàn David Welsh, òjíṣẹ́ ará Skọ́tláǹdì, tí ẹ̀gbọ́n wa túmọ̀ ránṣẹ́ lánàá. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti pe Free Church, ìjọ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kúrò nínú Ìjọ Skọ́tláǹdì, ní "Ìjọ Ọ̀fẹ́ ti Skọ́tláǹdì", oúnjẹ há mi lọ́fun. Ọ̀fẹ́ bí oúnjẹ òde?

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó ti ṣe òjíṣẹ́ ní Crossmichael àti Glasgow kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ìjọ ní Yunifásítì Edinburgh ní 1831. Àwọn olówó onílẹ̀ ló ń fi òjíṣẹ́ jẹ lé ìjọ lórí nígbà náà, ìjọ ì báà kọ̀, ilé ẹjọ́ sì ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1843, Welsh tó jẹ́ alága ìpàdé gbogbogbòò Ìjọ Skọ́tláǹdì ka ìwé ẹ̀hónú, ó gbé e sórí tábìlì, ó tẹrí ba fún aṣojú Ọbabìnrin, ó sì bọ́ síta. Òjíṣẹ́ tó fi ipò sílẹ̀ lé ní 470. Owó oṣù lọ, ilé lọ. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ lọ́wọ́ Welsh náà. Àwọn ọmọ ìjọ ló ń dáwó bọ́ òjíṣẹ́, àwọn náà ló ń dáwó kọ́ ilé ìjọsìn tuntun. Èwo ni ọ̀fẹ́ níbẹ̀?

Ẹ ní "oore-ọ̀fẹ́" wà nínú Bíbélì. Ó wà. Oore ló gbé ọ̀fẹ́ yẹn dúró. Ẹ yọ oore kúrò, ó ku ọjà tí a kò sanwó rẹ̀. Ìyá àgbà tó tọ́ mi a máa ròyìn ìwọ̀fà tó san gbèsè tán: "Ó ti dòmìnira." N kò gbọ́ "ó ti dọ̀fẹ́" lẹ́nu rẹ̀ rí. Pé ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Yorùbá, mo gbà, àmọ́ ìyẹn kò sọ ọ̀fẹ́ di òmìnira.

Ẹni tó dá "Ìjọ Olómìnira" lábàá, "oní" inú rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. "Orílẹ̀-èdè olómìnira" ti gba etí wa. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wá ààrẹ. "Agbòmìnira" ńkọ́? Lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti gbà á? Ṣebí wọ́n kàn dìde lórí ìjókòó ni, wọ́n rìn lọ sí gbọ̀ngàn Tanfield ní Edinburgh, wọ́n fi òjíṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, Thomas Chalmers, ṣe alága. Ìjọ Òmìnira, ó parí.

Ìjà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá "òjíṣẹ́" tàbí "àlùfáà" ló yẹ ká pe minister, n kò tíì ṣetán láti dá sí i. Àmọ́ ẹni tó kọ Welsh ní "ọ̀jọ̀gbọ́n itan ìjọ" láìfi àmì sí i, ẹ jọ̀wọ́, itan ta ni?